Ìdí Tí Igi Orí Òkè Fi Dá Irùngbọ̀n Sí

Nígbà láéláé, nígbà tí ara gbogbo igi ṣì ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, Tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé nísàlẹ̀ òkè kan tí kùrukùru máa ń bò. Ìdílé olú inú igbó ni wọ́n bí i sí. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ló dé agboòrùn. Òun nìkan ló rí tín-ín-rín bí òwú. Ó mọ ilé í kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ í sè.

Ó wá fẹ́ Ọ̀bọ̀rọ́, ọmọge aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lórí àpáta. Ìtànṣán oòrùn ni Ọ̀bọ̀rọ́ fi ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò nílé, oòrùn kan náà sì fẹ́ mú kó gbẹ kú. Tẹ́ẹ́rẹ́ hun ilé yí i ká, Ọ̀bọ̀rọ́ sì ń bọ́ ọ. Ebi tán, ó wá ku ibi tí wọn yóò gbé ilé náà kọ́, nítorí ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Wọ́n gòkè lọ bá Ọ̀gànwó, àgbà igi. Ọ̀gànwó ní òun kò gba àlejò mọ́. Àfòmọ́ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n, Àfòmọ́ tí kò ní gbòǹgbò tó sì ń bá gbogbo igi tan. Ìjókòó lásán ló tọrọ. Omi ara onílé ló ń mu títí ẹ̀ka kan fi gbẹ.

“Baba,” ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, “a gbé ìkòkò tiwa dání. Ọjọ́ tí a bá tọ́ ọbẹ̀ yín wò, kí ẹ lé wa.”

Ọ̀gànwó gbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ wọn.

Ọyẹ́ dé, kùrukùru lọ. Tọkọtaya náà gbẹ háúháú. Àfòmọ́ ń mu, ó ń dán, ó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú wọn ṣe Ọ̀gànwó, ó ní kí wọ́n fẹnu kan omi òun díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́.

Ó wu Tẹ́ẹ́rẹ́ kó gbà, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ̀rọ́ fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

“Ẹ ṣeun, Baba. Ẹyin lohùn, a kò ní jẹ́ kí tiwa já bọ́.”

Nígbà tí kùrukùru padà, òwú Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ mú un. Wọ́n mu, wọ́n yó, ara wọn tutù, èyí tó ṣẹ́kù sì ń kán sí gbòǹgbò Ọ̀gànwó tí òùngbẹ ń gbẹ. Àlejò wá ń fún onílé lómi.

Ọ̀gànwó ké sí gbogbo igi orí òkè, ó nawọ́ sí ilé òwú Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Ọ̀bọ̀rọ́ tó rọ̀ wálẹ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀. “Ẹ wò ó dáadáa,” ó ní. “Irùngbọ̀n mi nìyí.”

Láti ọjọ́ náà ni igi orí òkè ti ń dá irùngbọ̀n sí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, irùngbọ̀n náà á gbẹ bí òkú. Bí kùrukùru bá dé, á jí. Títí di òní, kò tíì fẹnu kan omi inú igi rí.