Ìdí Tí Inú Páìpù Irin Fi Ṣófo

Nígbà láéláé, kò sí irin tí inú rẹ̀ ṣófo. Gbogbo wọn ló dì, inú bí ẹ̀yìn.

Irú irin bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ẹranko fi ṣe afárá odò wọn. Àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu kan igi, ni alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Ilé wà níhìn-ín, oúnjẹ wà lódìkejì. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni Ìyá Ehoro ń kó ọmọ mẹ́rin gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé àárín, irin á tẹ̀. Lánàá, ìka mẹ́ta ló kù kó kan omi. Lónìí, ìka méjì. Ọ̀la ńkọ́?

"Bàbá Àkókó, ẹ dákun, irin yìí ń tẹ̀ o."

"Irin tó wúwo tó báyìí?"

"Ìwúwo ọ̀hún gan-an ló ń tẹ̀ ẹ́, bàbá!"

Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ehoro, etí gígùn yìí ti ń gbọ́ ohun tí kò sí láyé!"

Ìyá Ehoro sáré lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti gbé oparun kan lé òkúta méjì, wọ́n ń fò lórí rẹ̀. Oparun náà kò mà tẹ̀! Ó gbé e, ó fúyẹ́. Ó yọjú wo ẹnu rẹ̀, ihò ni.

Ó wọ́ ọ lọ bá Àkókó. Àkókó kàn án, kó, kó, kó. Ó ronú títí.

"Ó yé mi wàyí. Bí ẹrù bá tẹ ọ̀pá, òkè rẹ̀ á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á nà. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀lẹ tó ń jẹun lásán ni."

"Ẹ lé e lọ sétí, kó lọ ṣiṣẹ́!" ni Ìyá Ehoro wí.

Àkókó yọ́ irin náà. Ó fi rọ páìpù méjì tó gbòòrò, ọ̀kan fún afárá, ọ̀kan fún ìdánwò. Wọ́n to òkúta sórí ti ìdánwò. Òkúta kọ̀ọ̀kan wúwo tó ẹranko kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìkọkànlá ló tẹ̀ ẹ́, kò sì lè nà padà mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ sí ẹranko mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan," ni Ìyá Ehoro bẹ̀bẹ̀.

"Ta la wá ń pa mẹ́rin tó kù mọ́ fún?" Ẹlẹ́dẹ̀ fìmú pòṣé. "Ìyá ọkọ rẹ ni?"

"Fún ohun tí a kò mọ̀ ni."

Àkókó gbè é lẹ́yìn. Ẹlẹ́dẹ̀ kùn, kùn, ó gbà.

Ní ọjọ́ kan, Ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ márùn-ún ru òwú dé àárín afárá. Mẹ́fà péré ni wọ́n, wọn ò rú òfin. Àfi bí òjò ṣe dé wìì! Òwú mu omi, ó wúwo bí òkúta. Àrá sán. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ Ehoro lódìkejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sáré bọ́ sórí páìpù.

Páìpù ké. Ó tẹ̀. Omi kan ìdí rẹ̀.

Ìyá Ehoro pariwo láti etí odò: "Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ dà á sódò! Ẹ da òwú nù! Ẹ bá mi mú ọmọ mi!"

Ẹlẹ́dẹ̀ ju òwú sómi. Ó fa àbígbẹ̀yìn Ehoro lé ọrùn, ó ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ ìkẹyìn ṣe kúrò lórí páìpù, ó gbéra padà, ó tọ́ gbọnrangandan.

Ìyá Ehoro ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà.

Ẹlẹ́dẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyá Ehoro, nínú mẹ́rin tí a pa mọ́ yẹn, mélòó ló ṣẹ́ kù?"

"N ò mọ̀, bàbá."

"Èmi náà ò fẹ́ mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni inú páìpù irin ti ṣófo, tí agbára rẹ̀ sì wà létí. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó gbọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ àti nínípọn ara rẹ̀ kó tó gbé ẹrù lé e, tí kì í sì í jẹ́ kó ru gbogbo ohun tó lè rù.