Ojú Tí Wọ́n Ní Kó Dúró

Ọkùnrin kan wà tí ó bí ọmọbìnrin méjì. Ojú òsì èyí àbúrò a máa yà sí ẹ̀gbẹ́, bíi pé ó ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ náà bá fi tipátipá fà á, ojú a padà sí ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wò a di bàìbàì. Dókítà ojú ti ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé agbára tí ojú fi ń rí nǹkan kedere náà ni ọmọ yìí fi ń fa ojú wálé. Bó bá ti lò ó kọjá bó ṣe yẹ, ìríran a dàrú. Bàbá ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn àna wá tọrọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni yóò ka lẹ́tà wọn sétí ẹbí, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bàbá fà á sí kọ̀rọ̀.

"Má jẹ́ kí ojú yẹn yà lónìí o. Má dójú tì mí."

Ọmọ gbà. Ó dúró níwájú àna, ojú rẹ̀ méjèèjì tọ́ ṣánṣán. Ó ka ìlà kìíní, ó ń kólòlò. Ó ka ìkejì, ó fo orúkọ ọkọ ìyàwó. Àwọn àna ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá pariwo láti orí àga: "Ṣé o ò mọ̀wé kà ni? Olódo!"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó jọ̀wọ́ ojú. Ojú yà. Ó ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ǹjẹ́ inú bàbá dùn? Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ojú ẹ! Ojú ẹ!"

Ọmọ ká lẹ́tà náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú ọ̀kan: kí ojú mi tọ́, àbí kí n ka lẹ́tà."

Adégoróyè, ìwọ ni mo pa ìtàn yìí fún. Mo ń bínú sí ọ, n ò sì ní fi pa mọ́. Oṣù tó kọjá ni ọmọ kú mọ́ ìyàwó rẹ lọ́wọ́. O ní kò gbọdọ̀ sunkún lójú àlejò, kó máa tújú ká. Ó sì ń tújú ká. Gbogbo okun tó kù lára rẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn rẹ láti àárọ̀ títí dalẹ́. O wá gbé ẹsẹ̀ wá síhìn-ín láti sọ fún mi pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná, pé o pè é kò dáhùn, pé kí n bá ọ dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́! N ò bá ọ lọ síbì kankan. Padà sílé, sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n máa lọ, kí o sì jẹ́ kí obìnrin náà sunkún ọmọ rẹ̀. Ọmọ tìrẹ náà ló kú.