Ẹkún Àwẹ̀ró Nílé Oníṣègùn

Ẹ̀fúnkẹ́ ni ìyáálé, Àwẹ̀ró ni ìyàwó, nílé Láṣínndé àgbẹ̀. Jẹjẹrẹ mú Ẹ̀fúnkẹ́ lọ́mú, àìsàn náà sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Bí orí fọ́ ọ, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, jẹjẹrẹ náà ni. Àwẹ̀ró kò mọ̀ ju kó sunkún lọ. Ẹni tó lè sunkún nítorí adìyẹ tó kú ni, ará ilé kì í tilẹ̀ ṣìpẹ̀ fún un mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èémí Ẹ̀fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀sáníyì, oníṣègùn tó ń wo jẹjẹrẹ. Wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja sórí ẹní kí bàbá lè rí egbò ọmú náà dáadáa. Bàbá ń fi oògùn ra egbò, aláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ti ń yí. Láṣínndé káwọ́ lérí. Omijé ń bọ́ lójú òun náà.

Àwẹ̀ró ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jókòó."

Láṣínndé kanra mọ́ ọn: "Ìwọ sunkún rẹ, jẹ́ kí bàbá ṣiṣẹ́."

Kò dákẹ́ ẹkún, kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. "Nígbà tí a ń gbé ìyáálé mi bọ̀, tí orí wọn wà léjìká mi, wọ́n ń mí. Ìgbà tí a tẹ́ wọn sílẹ̀ ni èémí há. Nílé pàápàá, ṣe ni wọ́n ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ wọn wò, bàbá, yóò jìn, kò ní tètè padà."

Ọ̀sáníyì tẹ ẹsẹ̀ náà, ó fi etí lé àyà aláìsàn. Ó mi orí.

"Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, omi sì ti kún un lára. Ọmú ni mo gbájú mọ́, ọkàn ló fẹ́ pa á."

Ó pa oògùn egbò tì. Wọ́n gbé Ẹ̀fúnkẹ́ jókòó, wọ́n sì fún un ní àgbo tó ń mú ni tọ̀. Ó tọ̀, ó tún tọ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, èémí rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ń béèrè ẹ̀kọ mímu. Jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn yóò máa tọ́jú wà láàyè. Inú gbogbo wọn dùn.

Ẹ̀fúnkẹ́ wojú orogún rẹ̀. "Àwẹ̀ró, o ò tíì dákẹ́ síbẹ̀?"

Láṣínndé rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó máa sun ún. Gbogbo wa la jọ sunkún lónìí, òun nìkan ló ríran."

Ọ̀rọ̀ ọkọ yìí ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá títí dòní pé: bí a bá ń sunkún, à ń ríran.