Olóyè, Ẹ Dúró Síwájú Ọkọ̀

Olóyè Arówóṣẹ́gbẹ́ tó ni ilé-ìwé sọ fún Fadérẹra, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, pé kó gbé àwọn ọmọ sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ sílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Epo búréèkì ti gbó, sà, ẹsẹ̀ mi ń rì wọlẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́." Olóyè ní, "Epo wọ́n. Búréèkì yẹn ṣì dáa." Fadérẹra ní kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó tan ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè, ẹ dúró sẹ́nu géètì. Màá wá díẹ̀díẹ̀, màá sì tẹ búréèkì níwájú yín." Olóyè wo imú ọkọ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí kò bá dúró ńkọ́?" "Ohun tí mo ń bi yín láti àárọ̀ nìyẹn, sà." Olóyè ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó epo búréèkì tuntun, ó sì ní kí wọ́n pe mẹkáníìkì wá. Epo àtijọ́ tí mẹkáníìkì fà jáde dúdú bí omi aró. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ dé ìsàlẹ̀ òkè, Fadérẹra rọra tẹ búréèkì, ọkọ̀ sì dúró.