Tábìlì Tó Ń Kúrú Sí I

Ní ìsọ̀ àwọn káfíńtà tó wà lẹ́bàá odò ní Òkè-Ìdó, ẹní ni wọ́n ta sáàárín ṣọ́ọ̀bù kan àti èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí iṣẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jí ṣe.

Baálẹ̀ ní kí Ògúndépò ṣe tábìlì kan wá fún gbọ̀ngàn ìlú. Bí ó bá dára, ìsọ̀ náà ni yóò ṣe gbogbo àga ibẹ̀. Ògúndépò gbé e lọ, tábìlì ń mì. Ó gbé e padà, ó gé ẹsẹ̀ kan, tábìlì sì dúró ṣinṣin ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó tún dé gbọ̀ngàn, ó tún mì.

"Àárọ̀ ọ̀la ni mo fún ọ mọ," Baálẹ̀ wí. "Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn káfíńtà òdìkejì odò."

Nírọ̀lẹ́, Ògúndépò kò lè jókòó. Ó ń rìn yí tábìlì ká, ó ń mì í wò, ó tún ń mú ayùn.

"Kí lò ń gé láti ọ̀sán?" Láṣebìkan, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bi í láti ẹ̀yìn ẹní.

"Kò kàn ọ́."

"Bó bá jẹ́ tábìlì Baálẹ̀ ni, rọra. Bí o bá tún gé e, àpótí ìdáná ló kù tó máa dà."

Ayùn dákẹ́.

"Láṣebìkan, bí mo bá ká ẹní yìí, o ò ní jí iṣẹ́ mi ṣe?"

"Tábìlì tó ń mì? Kí ni n óò fi ṣe?"

Ògúndépò ká ẹní. Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀, ó dijú kan, ó wo abẹ́ tábìlì lọ títí.

"Ilẹ̀ rẹ ló rì níbí. Èérún pákó ló bò ó. Kòtò lò ń gé ẹsẹ̀ tábìlì bá."

"Láti ìgbà wo?"

"Báwo lèmi ṣe máa mọ̀? Ṣebí ẹní lo ta."

Ògúndépò náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì rẹ̀. "Tìrẹ náà rì, nídìí ibi tí o máa ń jókòó sí."

Láṣebìkan lọ wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó lọ ké sí àwọn káfíńtà yòókù. Wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀ níta, wọ́n fi omi inú àwo wò ó títí ó fi tẹ́jú, wọ́n gbé tábìlì lé e, wọ́n sì pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń wò ó níwájú ni èkejì ń wò ó lẹ́yìn.

Láàárọ̀, ní gbọ̀ngàn, Baálẹ̀ gbé igbá omi tó kún dẹ́nu lé tábìlì náà, ó sì fọwọ́ méjèèjì tì í. Omi kò dànù.

"Ta ló ṣe é?"

Ògúndépò la ẹnu, ó wo àwọn káfíńtà ìsọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "A jọ wò ó ni, Baba."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà mú lò, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún.