Ìpín Ojúlarí, Ajá Tí Ìgè Tọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹni tí ó bá ń jẹun kí ó gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a fi ń gbé òkèlè mì. Èmi Ọdẹ́bùnmi, obìnrin ni mí. Baba mi kò bí ọkùnrin. Nígbà tí ó kú, èmi ni mo gbé ìbọn rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà ti jẹ nínú ẹran tí mo pa títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wọn.

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí òun náà sì bí ni Ìgè. Ìgè ni ó tọ́ ajá kan dàgbà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ilé wa, ṣùgbọ́n tí baba rẹ̀ jẹ́ ajáko inú igbó. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, kì í gbó, híhu ni í hu. Ìgè sọ ọ́ ní Ojúlarí. Ibi tí ọmọ bá sùn sí ni ajá ń sùn sí.

Ní ọjọ́ kan, ẹfọ̀n gbé Olúọdẹ wa, Ògúndìran, ṣánlẹ̀, ó sì ti rẹ ìwo sílẹ̀ láti gún un pa. Ojúlarí ni ó fò mọ́ ẹfọ̀n náà ní imú, tí kò fi í sílẹ̀ títí ìbọn wa fi dún. Ẹ̀yin náà mọ òfin ọdẹ: ajá tí ó bá mú ẹran, ìpín tirẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gé kí ọdẹ kankan tó fi ẹnu kàn án. Ìgè, tí òun àti ajá rẹ̀ bá wa ṣọdẹ lọ́jọ́ náà, tẹ́ ewé ìpín ajá sílẹ̀, ó ń dúró. Ògúndìran bú sẹ́rìn-ín.

"Ìpín ajá ni òfin wí. Ṣé ajá ni eléyìí? Lọ sọ fún baba rẹ̀ nínú igbó kí ó fún un lóúnjẹ!"

Mo ní, "Bàbá Olúọdẹ, ẹ̀mí yín ni ó gbà là yẹn o."

"Ọdẹ́bùnmi, ẹnu rẹ gùn ju ìbọn rẹ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pín ẹran, wọ́n jẹ ẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: kò pẹ́ tí Ojúlarí fi fa òbúkọ Ògúndìran ya. Àwọn tí wọ́n jẹ ìpín ajá ni wọ́n wá ń pariwo olè! Wọ́n ní pípa ni àwọn yóò pa á. Ìgè gbọ́, ó mú ajá rẹ̀, ó wọ inú Igbó Gbàmígbàmí lọ, níbi tí ọdẹ kankan kì í dé, nítorí pé ohùn ènìyàn ni àwọn igi ibẹ̀ fi ń ké.

Àwẹ̀ró di aṣọ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, òun nìkan ni mo ní."

Mo lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí igi tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tí ó sá a ládàá, mo rí ẹyẹ tí eyín kún ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì fi ohùn ìyá mi tí ó ti kú pè mí, n kò dáhùn. Níkẹyìn mo bá iwin kan tí ó ga bí ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan kéré bí ti ìkókó, èkejì ń wọ́ nílẹ̀, ó jókòó ti òkìtì ẹran, ó ń pín in. Apínran ni orúkọ rẹ̀. Ìgè àti Ojúlarí jókòó ní ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn kankan kò sí lára wọn, síbẹ̀ wọn kò lè dìde.

"Obìnrin onírin, kí lo wá rà?"

"N kò wá rajà. Ọmọ wa ni mo wá mú."

Ó rẹ́rìn-ín, ewé sì ń já bọ́. "Èmi ni mo ń ṣọ́ ìpín nínú igbó. Ẹran kú, ìpín kan kò dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọmọ yìí fi ara rẹ̀ dí àlàfo ìpín náà."

Mo yíjú sí Ìgè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n fẹ́ pa á. Níhìn-ín kò sí ẹni tí ó ń sọ pé Ojúlarí kì í ṣe ajá."

Inú bí mi, ẹ̀rù sì fò lọ. Mo ní, "Ìwọ Apínran, àgbà jẹ ẹran, o wá ń gba ọmọdé dípò rẹ̀! Irú ìpín wo nìyẹn? Ìwọ àti Ògúndìran, ta ni ó sàn?"

Iwin náà ti òkìtì ẹran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹnu rẹ mú bí abẹ. Ó dára. Kí ẹni tí ó fi ìpín náà du ajá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òmíràn síwájú ajá ní ẹnu igbó, èmi yóò tú àwọn méjèèjì sílẹ̀."

Mo sáré délé. Ògúndìran kọ̀, ó ní òun kò lè forí balẹ̀ fún ajá. Àfìgbà tí Àwẹ̀ró ṣí gèlè, tí ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń wò, ni Ògúndìran tó fi ẹnu kan irin ìbọn rẹ̀, tí ó búra pé òun yóò ṣe é, ibi kankan kò sì ní ṣe ajá náà.

A pé jọ sí ẹnu igbó. Wọ́n jáde wá, ọwọ́ Ìgè wà ní ọrùn ajá. Ògúndìran gbé itan ìgalà ka orí ewé. Ojúlarí gbóòórùn ẹran náà, ó mi ìrù sí Ògúndìran, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe fún ẹlòmíràn rí bí kò ṣe Ìgè, ó sì tẹrí ba láti jẹun. Ìbọn dún. Ìbọn tí Ògúndìran fi ẹnu kàn ni.

"Òbúkọ mi ńkọ́?" ni Ògúndìran wí.

Ìgè kò sunkún. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo èmi náà. Ó gbé ajá rẹ̀ sí èjìká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i láyà, ó sì yí padà. Àwẹ̀ró sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n igbó pa dé bí ilẹ̀kùn. A wá a títí ẹsẹ̀ wa fi wú. A kò rí i.

Nígbà tí a délé, Ògúndìran sọ fún àwọn àgbà pé iwin ni ó gbé ọmọ náà, àwọn ọdẹ sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹ má bèèrè ẹni tí ó bí i; ẹni tí ẹ̀rù irin kò bá sì bà, ẹ má fi ṣe olórí.

Àwẹ̀ró dúró láàrin àwọn àgbà náà, ẹ̀rí ni ó ń wá, èmi ni ó kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni iwin gbé ọmọ mi?"

"Irọ́ ni," ni mo wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Iwin dá a padà. Àwa ni a lé e lọ."