Ẹní tí Ewúrẹ́ Fi Pamọ́ De Àna

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Àlọ́ mi fò, ó bà lé orí ẹní tuntun tí Ewúrẹ́ fi pamọ́ de àwọn àna tó ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ rẹ̀.

Ológbò ló ń lé eku nílé Ewúrẹ́. Ó ha ẹní náà, Ewúrẹ́ kígbe mọ́ ọn. Ó tún un ha, Ewúrẹ́ nà án. Nígbà tó ha á lẹ́ẹ̀kẹta, Ewúrẹ́ mú ọ̀bẹ.

Àgbò aládùúgbò ní, "Ìyá Ìyàwó, ẹ ri ìtì igi mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ni yóò máa ha."

Ewúrẹ́ gbá Ológbò mú. Orin ló ń kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ológbò, na ọwọ́ rẹ wá,
Ẹní àna ni.
Èékánná rẹ á kúrò ńbẹ̀,
Ẹní àna ni.

Ó yọ gbogbo èékánná Ológbò tìdí-tìdí.

Àwọn àna dé. Ewúrẹ́ lọ gbé ẹní, eku ti jẹ ẹ́ ku etí.

"Ológbò, ojú rẹ ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́?"

"Ọwọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi mú wọn, Ìyá. Èkíní bọ́, èkejì bọ́. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ sá mọ́."

Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn àna jókòó sí. Ibẹ̀ náà ni àlọ́ mi jókòó sí.